Ọta Ìbọn Kì í Gbé Èèyàn Ṣubú

Nínú sinimá, wọ́n á yìnbọn ìléwọ́ lu èèyàn, onítọ̀hún á sì fò sẹ́yìn lu ògiri. Irọ́ gbáà ni. Ọta 9mm, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ ń lò, ò ju nǹkan bíi gíráàmù 8 lọ. Bó tilẹ̀ ń sáré tó mítà 350 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4 ló lè ti ẹni tó wúwo tó kílò 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá bẹ́ẹ̀. Bó bá lágbára láti gbé ẹni tó bà ṣubú ni, ẹni tó yìn ín ni ì bá kọ́kọ́ ṣubú lulẹ̀. Síbẹ̀, irọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ń ra ọta láti fi dáàbò bo ara wọn gbà gbọ́, tí wọ́n fi ń béèrè èyí tó tóbi jù.

Ihò ni ọta ń dá. Bó ṣe jìn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó lọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, àwọn òṣìṣẹ́ FBI, ìyẹn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, wọ̀yá ìjà pẹ̀lú adigunjalè méjì ní Miami. Ọta 9mm kan gba apá ọ̀kan nínú àwọn adigunjalè náà kọjá, ó wọ àyà, ó sì dúró kó tó dé ọkàn. Ọkùnrin náà ń yìnbọn lọ ni. Òṣìṣẹ́ FBI méjì kú lọ́jọ́ náà. Látibẹ̀ ni FBI ti gbé ìlànà tuntun kalẹ̀: nínú jẹ́látìn, ohun rírọ̀ tí wọ́n ń lò bí ẹran ara láti fi dán ọta wò, ọta gbọ́dọ̀ wọlé tó ínṣì 12, kó má sì kọjá 18. Àwọn kan á ní àyà èèyàn ò nípọn tó ínṣì 12. Òótọ́ ni, àmọ́ apá lè wà níwájú àyà, ẹni náà sì lè fẹ̀gbẹ́ dúró.

Ọta tí bàbà bò lórí, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́, máa ń kọjá ínṣì 18 dáadáa. Ó lè gba ara ẹni kan jáde lọ bá aládùúgbò lẹ́yìn ògiri. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe hollow point, tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lórí. Agboòrùn ni, àfi pé inú omi ló ti ń ṣí: omi ara á rọ́ wọ ihò náà, á ti etí rẹ̀ síta, ọta á fẹ̀, eré rẹ̀ á sì já. Bí aṣọ bá dí ihò náà pa, agboòrùn ò ní ṣí mọ́, ọta á sì kọjá lọ bíi ti ìkọ́ṣẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi aṣọ ìpele mẹ́rin bo jẹ́látìn kí wọ́n tó yìn ín. Ẹni tó bá wo àbájáde jẹ́látìn tí wọn ò fi aṣọ bò kò tíì rí nǹkan kan.

Ìkéde tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe nílùú Hague lọ́dún 1899 fòfin de irú ọta yìí lójú ogun, àwọn kan sì gbà pé ìkà ló wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárín ìlú, èyí tó dúró sínú ẹni tó bà sàn fún ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ò kúkú fẹnu kò: ìpínlẹ̀ New Jersey fọwọ́ líle mú gbígbé e káàkiri, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ìlú New York ti yí sí i láti ọdún 1998.

Ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú tó ínṣì 3 máa ń dín eré ọta kù, agboòrùn lè má ṣí. Èyí tí wọ́n fi ọ̀pá kúkúrú dán wò ni kí onítọ̀hún rà, kó sì yin páálí kan ó kéré tán nínú ìbọn tirẹ̀, torí orí oníhò máa ń há sínú àwọn ìbọn kan. Ọta kan náà tí èèyàn ń kì bọ ìbọn, tó tún ń yọ jáde lójoojúmọ́, orí rẹ̀ lè rì wọnú idẹ tó gbé e dání, agbára ẹ̀tù á wá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kan. Bó bá ti kúrú jù ú lọ, kó má yìn ín.