Ta Ní Í Tú Iké? Ibi Tí Ewì Ìrántí Ilé Ti Ṣẹ̀ ní Kétu

Ẹ bi àgbàlagbà kan ní Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, pé kí ló dé tí ìlú fi ń jẹ́ Kétu, ìbéèrè ni yóò fi dá yín lóhùn: "Ta ní í tú iké? Ta ní í fọ́ ìlú?" Ẹ fetí sí i dáadáa. Gbólóhùn méjì ni, wọ́n gùn dọ́gba. "Tú" di "fọ́", "iké" di "ìlú", ìyókù kò kúrò ní àyè rẹ̀. Iké ẹ̀yìn ènìyàn ti di àwòrán ìlú: ó ti bá ara dàgbà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ nà án yóò ṣẹ́ egungun ni. Èmi gbà pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ìyá gbogbo ewì tí a ń ké nípa ilé lágbègbè wa, àti pé ẹnu Baba Ẹlẹ́gùn ló ti jáde.

Baba Ẹlẹ́gùn ni ẹni tí ìtàn Kétu gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Oyè ìdílé ni, ọmọ ń gbà á lọ́wọ́ baba. Bí a bá ń fi Alákétu, ọba ìlú, jẹ, òun ni yóò ka ìtàn ìlú láti orí dé ìdí. Bí ó bá kà á láìṣì, wọ́n á ta á lọ́rẹ. Bí ó bá ṣì í, ìbínú òrìṣà ń bẹ níbẹ̀.

Ọ̀nà sì ni ìtàn náà. Ṣóípàṣán kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n tẹ̀dó sí Òkè Ọyán, wọ́n ṣí lọ sí Aro, ó di orí Edé, ọba keje, kí wọ́n tó dé Kétu, tí ọdẹ kan, Alálúmọ̀n, ń ṣáájú wọn nínú igbó. Èmi máa ń rò ó pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú lójú ọ̀nà, àwọn ìyá á máa dárúkọ ibùdó wọ̀nyí sétí ọmọ, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, kí ọmọ tó bá sọnù lè mọ ibi tó ti wá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ì bá mú orúkọ ibùdó tí a ti fi sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ yè lẹ́nu wa títí dòní? Orúkọ lásán ni wọ́n nígbà náà. Àpètúnpè ló sọ wọ́n di ewì.

Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò ní iná. Ọ̀dọ̀ obìnrin arúgbó kan, Ìyá Panku, tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, ni wọ́n ti lọ fọn iná. Nínú gbogbo àwòrán tó wà nínú ìtàn wa, èyí ló wọ̀ mí lára jù. Ilé-Ifẹ̀ ni orírun, àmọ́ iná tí Kétu fi dá ààrò àkọ́kọ́, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ti wá. Ẹni tó bá ń ké ewì ilé, tó dárúkọ Ifẹ̀, tó fo Ìyá Panku, ó ti jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. "Rántí", rán etí ni mo gbà pé ó jẹ́: kí a rán etí níṣẹ́ lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé mọ́. Àwọn baba wa kò sọ pé kí a rán ojú. Ìdí nìyẹn tí oríkì orílẹ̀ fi jẹ́ ohun tí a ń gbọ́ tí orí ń wú.

Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin, àwọn apìtàn ààfin Ọ̀yọ́, ni a ti kọ́ ewì ilé yìí. Kétu àti Ọ̀yọ́ jọ ti Ifẹ̀ jáde ni. Ẹnì kan kò kọ́ ẹnì kejì. Àwọn mìíràn ní ogun Dàhọ̀mì ló bí ewì náà, nígbà tí ogun Glele, ọba Dàhọ̀mì, fọ́ Kétu ní 1886, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú-ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun ti ń jẹ́ ọmọ Kétu ṣáájú ogun yẹn. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador, olú-ìlú Bàhíà, Ilé Maroiá Láji, tí wọ́n ń pè ní Alákétu. Àwọn tó ni ín ń pìtàn pé ọmọ ìdílé Aro, ọ̀kan nínú ìdílé márùn-ún tó ń jẹ ọba ní Kétu, ni ìyá wọn àgbà. Títí dòní, ọba Kétu ni wọ́n ń ki Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, níbẹ̀. Ta ló ti kọ́ wọn, bí kì í bá ṣe ìyá tó ń dárúkọ ibùdó sétí ọmọ?

Ìyókù kò gùn. Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì, ní 1894 àwọn ẹrú padà wálé, wọ́n tún ìlú kọ́ lẹ́yìn Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú. Ilé ìwé dé, rédíò dé, ní 2001 UNESCO gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí ojú ayé. Ní alẹ́ ẹ̀fẹ̀, tí a fi ń ṣí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìjúbà ló ṣì ń ṣáájú orin: eégún á dúró ní ojú ọjà, á kí ilẹ̀, á kí àwọn ìyá, kí ó tó sọ ohunkóhun mìíràn.