E85 Kì Í Ṣe 85: Bí Ọkọ̀ Tí Wọ́n Túùnù Ṣe Ń Mọ Epo Tó Ń Mu

Nọ́ńbà 85 tó wà lára E85, epo tí wọ́n fi ẹ́tánọ́ọ̀lù po bẹntiróòlù, ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n rí i lára pọ́ǹpù ní Amẹ́ríkà, wọ́n kà á bí ẹni ń ka iye owó, wọ́n sì gbà pé ẹ́tánọ́ọ̀lù ló kó ìdá 85 nínú 100 epo yẹn lónìí, lọ́la àti títí ayé. Irọ́ ni. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé lọ́hùn-ún gbà kí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú E85 wà láàárín 51 sí 83 nínú 100, bí ìgbà àti ibi bá ṣe rí. Ẹ tún un kà: 83 ni ibi tó ga jù. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe sílé iṣẹ́ láti máa mu epo méjèèjì kò ka ìyẹn sí. Ọkọ̀ tí ẹnìkan jókòó tì, tó túùnù rẹ̀, ìyẹn ni pé ó yí ìlànà inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì rẹ̀ padà, kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i, òun ni yóò jìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti kan Abuja báyìí. Tòkunbọ̀ tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà ti kọjá Corolla àti Camry nìkan. Subaru WRX ń dé, Golf GTI ń dé, BMW oní-tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì) ń dé, òmíràn nínú wọn sì ń gbé àṣírí wá nínú brain box rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì: ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti túùnù rẹ̀ fún E85, ó sì tà á láìsọ. L'Abuja, kò sí ilé epo tó ń ta E85.

Ẹni tó mọ ògógóró ti mọ ẹ́tánọ́ọ̀lù. Ọtí kan náà ni, àgbàdo ni Amẹ́ríkà fi ń pọn tiwọn, ìrèké ni Brazil ń lò jù, àwa ń pọn tiwa láti inú ẹmu. Ohun tí àwọn tó ń túùnù ọkọ̀ fẹ́ràn lára rẹ̀ kò ṣòro láti fi ara mọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fi spírítì nu apá kí ó tó gún abẹ́rẹ́, ojú ibẹ̀ á tutù nini, nítorí pé bí ọtí náà ṣe ń fò lọ, ooru ara ló ń gbé lọ. Nínú ẹ́ńjìnì, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Kílò ẹ́tánọ́ọ̀lù kan ń gba ooru tó ju ìlọ́po méjì èyí tí kílò bẹntiróòlù ń gbà. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á tutù, tọ́bò á lè ti púpọ̀ sí i wọlé, púlọ́ọ̀gì á sì lè ṣáná ṣáájú àkókò tí bẹntiróòlù lè fara dà.

Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ló fa wàhálà ìgbà òtútù. Epo tó ń ṣàn kọ́ ló ń jó, gáàsì tó ń fò kúrò lára rẹ̀ ni. Bẹntiróòlù ń fò kódà nínú yìnyín. Ògidì ẹ́tánọ́ọ̀lù lọ́ra: tí òtútù bá ti rẹlẹ̀ ju nǹkan bíi 13°C lọ, gáàsì tó ń fò lára rẹ̀ kò tó ohun tí iná lè mú. Ní Jos, lásìkò ọyẹ́, àárọ̀ lè sún mọ́ 10°C, ìyẹn ni pé ọkọ̀ tó bá ń mu ògidì ẹ́tánọ́ọ̀lù níbẹ̀ yóò ṣàgídí kí ó tó dìde. Ẹ wá wo Minnesota, níbi tí òtútù ti ń já wá sí 20 lábẹ́ òdo. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń po epo fi ń bu bẹntiróòlù là á sí i nígbà òtútù, tí wọ́n sì ń dín in kù nígbà ooru. Brazil gba ọ̀nà mìíràn: fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ tó ń mu ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń ní táǹkì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, bẹntiróòlù ló wà nínú rẹ̀, fún àárọ̀ òtútù nìkan.

Àyípadà yìí kì í dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó ń lu agogo fún un. Epo ìgbà ooru ṣì wà nísàlẹ̀ táǹkì ilé epo nígbà tí táńkà bá já epo ìgbà òtútù lé e lórí. Ilé epo tí èrò pọ̀ sí yóò yí padà kíá, èyí tí kò tajà yóò máa ta àdàlù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ kan náà lè gba 78 ní àdúgbò kan, kí ó gba 60 ní àdúgbò kejì lọ́jọ́ kan náà, orúkọ kan náà lára pọ́ǹpù.

Kí ni ìyẹn ń ṣe fún ẹ́ńjìnì? Bẹntiróòlù lásán ń fẹ́ kílò afẹ́fẹ́ 14.7 fún kílò epo kan kí ó tó jó tán. Tí ẹ́tánọ́ọ̀lù bá di 83 nínú epo náà, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ á wálẹ̀ sí bíi 10. Tó bá jẹ́ 51, á tó 11.7. Ọkọ̀ tí wọ́n túùnù fún epo ìgbà ooru, tí epo ìgbà òtútù wá wọ inú rẹ̀, yóò máa tú epo jù, ó lè fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 lé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ìyẹn, ara tù wọ́n, wọ́n ní epo tó pọ̀ jù kì í ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Wọ́n gbàgbé púlọ́ọ̀gì. Púlọ́ọ̀gì ṣì ń ṣáná ní àkókò tí wọ́n yàn fún ọtí líle, ọtí náà sì ti láàbùlà. Nọ́ọ̀kù ló ń tẹ̀ lé e. (Tí mẹkáníìkì wa bá ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kù, òkú ẹ́ńjìnì ló ń sọ. Èyí tí à ń sọ yìí ni àìsàn tó ń ṣáájú ikú: iná tó ń gbà lódì nínú sílíńdà, tó ń dún kan-kan-kan bí ẹni ń fi irin na irin.)

Òdìkejì rẹ̀ kò dára rárá. Ẹni tó túùnù ọkọ̀ rẹ̀ nígbà òtútù, lórí epo 51, tó wá ra 83 nígbà ooru, epo tí nósù ń tú kò ní tó mọ́, yóò fi bí ìdá 15 nínú 100 dín. Tó bá ń rìn jẹ́jẹ́, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára sàlẹ́ńsà yóò rí àṣìṣe náà, brain box á sì tún un ṣe. Tó bá tẹ àsẹ̀lẹ̀rétọ̀ mọ́lẹ̀ tán, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í fetí sí sẹ́ńsọ̀ yẹn mọ́, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ló ń tẹ̀ lé. Ibẹ̀ gan-an sì ni epo ti gbọ́dọ̀ tó jù.

Ojútùú rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí epo ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí ẹ́ńjìnì. Kò tóbi ju ìkúùkù lọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ pọ̀. Irin méjì ló wà nínú rẹ̀ tí epo ń ṣàn láàárín wọn, ó sì ń wo bí epo náà ṣe ń di iná mànàmáná mú. Bẹntiróòlù kò mọ iná dì mú, òdiwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ bíi 2. Ti ẹ́tánọ́ọ̀lù jẹ́ bíi 24. Àlàfo àárín wọn fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ṣòro láti ṣì wọ́n mú. Sẹ́ńsọ̀ náà wá sọ ohun tó rí di ìlù: ó ń lù ú nígbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan tí kò bá sí ẹ́tánọ́ọ̀lù rárá, nígbà 150 tó bá jẹ́ ògidì. Ẹ yọ 50 kúrò nínú iye ìlù, ìdá ẹ́tánọ́ọ̀lù nìyẹn. Ìlù 117, ẹ́tánọ́ọ̀lù 67. Kò sí ìṣirò mìíràn níbẹ̀.

Ó tún kù. Epo tó gbóná kì í di iná mú bí èyí tó tutù, nítorí náà brain box gbọ́dọ̀ mọ bí epo ṣe gbóná tó. Wọn kò fi wáyà kejì kún un. Bí ìlù kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó ló ń sọ ìwọ̀n ooru, bí ó ṣe yá tó ló ń sọ ìwọ̀n ọtí. Wáyà kan, ọ̀rọ̀ méjì. Yorùbá nìkan kọ́ ló ní ìlù tó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni èyí yẹ kó tètè yé jù. Onígángan ń fún ọsán mọ́ra, ohùn á gòkè, ó ń dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ẹ́tánọ́ọ̀lù ló ń fún ọsán nínú sẹ́ńsọ̀ yìí. Brain box ni oníjó tó gbọ́ èdè ìlù.

Ẹ fojú inú wo òde ìnáwó kan ní Gwarinpa. Oníjó kan ti kọ́ ẹsẹ̀ ijó kan ṣoṣo láti ilé, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, tí onílù bá lu ìlù yẹn, gbogbo ènìyàn á dìde fún un. Onílù bá yí ìlù padà, oníjó kò gbọ́, ó ń bá ẹsẹ̀ tirẹ̀ lọ, ó ń fi ẹsẹ̀ ìlù líle jó ìlù jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n túùnù fún nọ́ńbà kan ṣoṣo nìyẹn. Oníjó tó gbọ́ ìlù kì í fi ìyípadà bẹ̀rù, bẹ́ẹ̀ ni kì í fò sókè nítorí pé ọ̀pá ìlù ṣèèṣì kan ibòmíràn. Brain box tó dára náà ń dúró díẹ̀, ó ń gbọ́ ìlù náà fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbẹ́sẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ra epo tuntun, ti àtijọ́ tó wà nínú páìpù ló ń kọ́kọ́ dé ẹ́ńjìnì.

Níbi tí brain box ti ń gbẹ́sẹ̀ yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń túùnù ti ń hàn. Ó ń kọ ìwé ìlànà méjì sínú rẹ̀, ọ̀kan fún bẹntiróòlù, ọ̀kan fún E85, brain box á sì máa wá àárín wọn bí ìlù bá ṣe sọ. Epo tó yẹ kí nósù tú ń gòkè déédéé pẹ̀lú ẹ́tánọ́ọ̀lù, kò sí ìjà níbẹ̀. Àkókò ìṣáná kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ata nínú ọbẹ̀: ṣíbí àkọ́kọ́ ló yí ọbẹ̀ padà, ìkarùn-ún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìkẹrin. Láti ẹ́tánọ́ọ̀lù 0 dé bíi 30 tàbí 40 nínú 100, ẹ́ńjìnì ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àǹfààní tó ń wá. Ẹni tó bá fi ìlà gbọọrọ kan ṣe méjèèjì kò tíì parí iṣẹ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ti yọ sẹ́ńsọ̀ yìí kúrò kí owó lè dín, wọ́n ní kí brain box máa fi sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn méfò. Fún ọkọ̀ tó ń lọ ọjà tó ń bọ̀, ó tó. Fún ọkọ̀ tí wọ́n túùnù, ìfowópamọ́ burúkú ni. Ọ́síjìn inú sàlẹ́ńsà ń sọ ohun tó ti jó tán, sẹ́ńsọ̀ epo ń sọ ohun tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Abuja, sí Àpó níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí. Ọkọ̀ E85 tí kò ní sẹ́ńsọ̀ dé, wọ́n bu bẹntiróòlù wa sí i. Epo tó ń tú á tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ohun tó yẹ. Èéfín dúdú ń jáde, púlọ́ọ̀gì dúdú ó sì tutù, ẹ́ńjìnì ọ́ìlì ń rùn bíi bẹntiróòlù. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n fọ nósù, wọ́n ra pọ́ǹpù, owó ń lọ. Onímọ́tò á ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó bóyá púlọ́ọ̀gì yẹn ni kò dáa." Bàbá tó mọṣẹ́ á ní, "Ọmọ mi, gbàgbé púlọ́ọ̀gì. Ta ló túùnù ọkọ̀ yìí?" Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi nìyẹn. Nósù tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ ni àmì àkọ́kọ́. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí wọ́n kọ ìlànà bẹntiróòlù padà sínú brain box, kí wọ́n sì bá nósù tó wà lára rẹ̀ ṣe é, tàbí kí wọ́n dá ti ilé iṣẹ́ padà.

Ẹni tí kò bá ní sẹ́ńsọ̀ lè fi omi wo epo, níbi tí kò ti sí iná, tí wẹ́dà kò sì sí nítòsí. Ọ̀pá gíláàsì onílà 100 ni wọ́n ń lò. Ẹ bu omi dé ilà 10, ẹ bu epo kún un dé 100, ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ jẹ́ kí ó fìdí balẹ̀. Ẹ́tánọ́ọ̀lù á fi bẹntiróòlù sílẹ̀, á lọ bá omi nísàlẹ̀, ibi tí wọ́n ti pínyà á sì gòkè. Tí ilà náà bá dúró sí 73, ẹ yọ 10 tó jẹ́ omi, ó ku 63. Ẹ pín in fún epo 90 tí ẹ bù: 70 nínú 100. Bẹntiróòlù tí kò ní ọtí nínú yóò fi ilà sílẹ̀ níbi tí omi wà, lórí 10.

Tí ilà yẹn bá gòkè l'Abuja, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ra E85, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí mìíràn tó jọ ẹ́tánọ́ọ̀lù) inú rẹ̀ ju òṣùwọ̀n lọ wọ Nàìjíríà, wọ́n kó o kúrò lọ́jà, ìlà ọkọ̀ sì gùn ní ilé epo Abuja àti Èkó. Mẹ́tánọ́ọ̀lù náà ń lọ bá omi nínú ọ̀pá yìí, ojú kò sì lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ́tánọ́ọ̀lù. Sẹ́ńsọ̀ pàápàá ń ṣì í mú: òdiwọ̀n mẹ́tánọ́ọ̀lù jẹ́ bíi 33, ó ju ti ẹ́tánọ́ọ̀lù lọ, ìlù á sọ nọ́ńbà tí kì í ṣe òtítọ́, brain box á jó sí i. Afẹ́fẹ́ tí mẹ́tánọ́ọ̀lù ń fẹ́ kò ju kílò 6 àti ààbọ̀ lọ fún kílò kan, ó sì ń jẹ alumíníọ̀mù. Ẹ má ṣe ṣáná sí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fa epo náà jáde láti inú táǹkì, ẹ fọ páìpù, kí ẹ tó bu òmíràn sí i.