Ṣẹ́ẹ̀tì Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Fi Yẹ́ Àgbà Olórin Hàwáì Sí: Ẹ Gbé Fótò Yẹn Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ná

Tí èèyàn bá ti ní kí n bá òun ṣe ṣẹ́ẹ̀tì tóun máa fi yẹ́ àgbà kan sí, fótò ló máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò yà mí lẹ́nu, ṣebí báwa náà ṣe ń ṣe é níbi ìsìnkú nìyẹn, ojú màmá gbàgàdà láyà gbogbo ọmọ àti àna. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àgbà bí Edith Kanakaʻole, ìyá olórin ará Hàwáì tó kú lọ́dún 1979, mi ò ní ti ojú bẹ̀rẹ̀ o.

Iṣẹ́ tí ìyá yẹn ṣe ti kún fún bátànì fúnra ẹ̀. Ó ń kọrin, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní hula, ijó ìbílẹ̀ wọn, ó tún ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Hilo, ìlú kan ní Hàwáì, nípa igi àti ewé ilẹ̀ wọn. Ó kọ orin kan nípa ewé inú òkun táwọn ará ibẹ̀ máa ń jẹ, títí kan òórùn dídùn tó wà lára ẹ̀, ẹ wá sọ fún mi, kí ni dìsáìnà tún ń wá? Ẹ jẹ́ kí ewé yẹn máa lọ́ láti etí ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì wá sí èjìká. Tàbí kẹ́ ẹ lo lehua, òdòdó pupa ara igi ʻōhiʻa, tí wọ́n mọ̀ mọ́ Pele òrìṣà iná wọn. Òdòdó plumeria tó kún ara ṣẹ́ẹ̀tì táwọn turísítì ń rà yẹn, ibòmíì ni wọ́n ti gbé e wá, mi ò lè fi sí aṣọ ìyá yìí láé. Sig Zane tó fẹ́ ọmọ ìyá náà dá ilé iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní Hilo lọ́dún 1985, ewé àti òdòdó ilẹ̀ wọn ló sì fi di olókìkí.

Lóòótọ́, Amẹ́ríkà gbé ojú ìyá náà sórí owó ẹyọ sẹ́ǹtì 25 lọ́dún 2023, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, irun ẹ̀ àti òdòdó orí ẹ̀ ló ń di òkè àti ilẹ̀ Hàwáì. Owó ẹyọ ò sì ní bọ́tìnnì, kì í rún, ẹnì kan ò ní fi ẹ̀yìn ẹ̀ ti àga kó làágùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ṣẹ́ẹ̀tì tó bá gbó ṣì máa di àkísà ìnulẹ̀, ṣé ojú àgbà lẹ fẹ́ fi nulẹ̀ ni?

Ẹ sọ fún télọ̀ kó gé àpò àyà kí ewé tó wà lára ẹ̀ bá ti ara aṣọ mu, ó máa jẹ aṣọ díẹ̀ sí i, ẹ san án. Àmì kékeré àárín Kanakaʻole yẹn, lẹ́tà ni, ẹ rí i pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò gbé e jù. Kẹ́ ẹ tó tẹ ẹyọ kan fún títà, àwọn ẹbí ìyá náà gbọ́dọ̀ ti rí sáńpù, kẹ́ ẹ sì ti jọ sọ̀rọ̀ owó.