Ìdí Tí Ọwọ́ Fi Ń Kú Nígbà Tí A Bá Ń Na Ara

Àwọn tó máa ń ṣe eré ìdárayá mọ nínà kan tí wọ́n ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà: wọn á gbé apá sókè, wọn á fi ti òpó ẹnu ọ̀nà, wọn á sì ti àyà síwájú títí iwájú èjìká yóò fi máa fà wọ́n. Ẹran àyà ni wọ́n fẹ́ nà, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ìka ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ kú, tàbí kó máa ta bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un. Ẹran kọ́ ló ń ta bẹ́ẹ̀, iṣan ìmọ̀lára ni, ìyẹn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láàárín ara àti ọpọlọ.

Gbòǹgbò márùn-ún ni àwọn iṣan ìmọ̀lára apá ní lára ọ̀pá ẹ̀yìn, mẹ́rin ní ìsàlẹ̀ ọrùn, ọ̀kan ní òkè àyà. Wọ́n ń gba àárín àwọn ẹran ẹ̀gbẹ́ ọrùn, wọ́n ń gba orí eegun ìhà àkọ́kọ́, lábẹ́ eegun tó dábùú lọ sí èjìká, kí wọ́n tó kọjá lábẹ́ ẹran àyà kékeré bọ́ sí abíyá. Bí a bá gbé apá sókè tí a sì rọ ọ́ sẹ́yìn, àwọn ọ̀nà tóóró yìí á tún há sí i. Bí orí bá wá tẹ̀ sí òdìkejì, tí ìgbọ̀nwọ́ nà gbọnrangandan, tí ọrùn ọwọ́ sì yí sẹ́yìn, iṣan kan náà ni a ń fà láti ìpẹ̀kun méjèèjì.

Iṣan ìmọ̀lára kì í gba fífà bí ẹran ṣe ń gbà á, nítorí àwọn òpójẹ̀ tín-ín-rín ló ń bọ́ ọ. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára ehoro, nígbà tí iṣan gùn sí i ní nǹkan bí ìdá 8 nínú 100, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní nǹkan bí ìdá 15, ó dúró pátápátá. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ kò tó á máa rán iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an sí ọpọlọ, ìyẹn ni títa. Bí iṣẹ́ kò bá kọjá mọ́, ọwọ́ á kú.

Ìka tó ń ta máa ń tọ́ka ibi tí ọ̀ràn wà. Ọmọńdinrín àti ìdajì ìka òrùka sábà ń tọ́ka sí ìgbọ̀nwọ́ tàbí abẹ́ eegun tó dábùú lọ sí èjìká. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e, sí ọrùn ọwọ́ tàbí ọrùn gan-an.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn pé kí èèyàn fara dà á títí yóò fi rọ̀ kò dára rárá. Kí apá rẹlẹ̀ sí èjìká, kí ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ díẹ̀, kí orí sì dúró gangan, títa náà sábà máa ń lọ. Bí kò bá lọ lẹ́yìn tí a ti dáwọ́ dúró, tí ọwọ́ kò lágbára mọ́, tàbí tó wú tí àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà, ó di ti dókítà. Bí àyà bá sì ń fúnni pọ̀ mọ́ ọn, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀.