Ewé orí omi: ibi tí òdòdó inú ohun èlò ilé ti ṣẹ̀ ní Rẹ́mọ

Níbi ìgbéyàwó kan ní Ṣàgámù, mo gbọ́ tí ẹni tó ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ ń sọ fún ìyá ìyàwó pé òyìnbó ló kọ́ wa láti máa fi òdòdó sínú ohun èlò ilé. Ó ti to ife tánganran, ìgò àti agolo sórí tábìlì, òdòdó wà nínú gbogbo wọn, iṣẹ́ náà sì dára lójú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló dùn mí. Òde Rẹ́mọ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo sì ti rí ewé tútù nínú orù ìyá àgbà wa kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ fáàsì.

Orù náà kò tóbi. Ikùn rẹ̀ yọ, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì máa ń làágùn débi pé ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó jókòó sí kì í gbẹ. Ọwọ́ ìyá tó bí i ni ìyá àgbà ti gbà á. Láàárọ̀ Sátidé, á ní kí n lọ gé pèrègún wá lẹ́yìnkùlé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ọ̀bẹ gé ìdí ẹ̀ka náà kó rí ṣóńṣó, á já gbogbo ewé tí omi lè bò dànù, á sì ju èédú kékeré kan sínú omi kó má baà rùn. Bí òdúndún bá wà, á fi kún un. Kò pè é ní ọ̀ṣọ́. Ó ní ilé tí kò bá ní ewé tútù nínú kì í tuni lára.

Ibo ni àṣà yìí ti wá? Ọ̀nà odò ni mo gbà pé ó ti wá. Ẹni tó bá ti ru omi rí mọ̀ pé bí ìkòkò bá kún, omi á máa dà sí èèyàn lára. Ewé ni àwọn ìyá wa ń fi lé orí omi náà kó má baà ru sókè. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á da omi sínú àmù. Ewé ńkọ́? Ewé tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já létí odò, ta ni yóò jù ú nù lójú ẹsẹ̀? Ó dá mi lójú pé obìnrin kan, láyé àtijọ́, fi ẹ̀ka tirẹ̀ sínú ohun tó súnmọ́ ọn jù lọ, ó rí i lọ́jọ́ kejì pé kò tíì rọ, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó tún lọ sódò. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ojúbọ ti gbà á, nítorí omi ojúbọ gbọ́dọ̀ tutù, ewé tó tutù ni òdúndún, rinrin àti tẹ̀tẹ̀, pèrègún ni wọ́n sì ní ó ń pe irúnmọlẹ̀ wá sáyé.

Ìgbà wo nìyẹn? Ẹ jẹ́ ká wo Eredo Sùngbọ́, yàrà àti odi tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ó tó nǹkan bí 160 kìlómítà, ó sì jìn tó 20 mítà níbòmíràn. Àwọn onímọ̀ kan ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn sì ní kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ yàrà yẹn á mu omi. Ta ló gbé omi fún wọn? Kí ni wọ́n fi bo omi náà lójú ọ̀nà? Bí mo bá dúró létí Eredo, tí mo rí bí ewéko ṣe bo ògiri rẹ̀, àwọn obìnrin yẹn ni mo máa ń rí, ìkòkò lórí, ewé lẹ́nu ìkòkò. Nígbà tí ará Potogí tó ń jẹ́ Duarte Pacheco Pereira kọ̀wé nípa ìlú ńlá kan tó pè ní Geebuu, ìyẹn Ìjẹ̀bú, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, ó mẹ́nu ba yàrà náà, ó sì mẹ́nu ba ẹ̀gbà idẹ tí wọ́n fi ń ṣòwò níbẹ̀. Idẹ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ibí, ẹ wo edan, ère idẹ ẹgbẹ́ Òṣùgbó. Ṣé ẹni tó ní abọ́ idẹ nílé ò ní gbé ewé ayẹyẹ sínú rẹ̀? Nígbà tí bàbá àgbà wa jẹ oyè, inú abọ́ tánganran tó kún fún omi ni ewé akòko wà títí wọ́n fi mú un lé e lórí. Mo gbà pé ipò idẹ ni tánganran jogún.

Èdè náà ń ṣe ẹlẹ́rìí. A ní àmù, orù, akèrègbè, ahá, igbá àti àdó, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ ti òdòdó nìkan. Àwọn kan ní èyí fi hàn pé a ò mọ àṣà náà. Lójú tèmi, ohun tó fi hàn ni pé èyíkéyìí nínú wọn ló lè ṣe iṣẹ́ náà, a ò wá nílò orúkọ mìíràn. Ọ̀rọ̀ òdòdó fúnra rẹ̀ ní ìtàn: aṣọ pupa ni àwọn àgbà ń pè ní aṣọ òdòdó. Ìtànná ní tirẹ̀ jẹ́ ohun tó tan iná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe péye tó, kó dúró ti pèrègún lóru nígbà tó bá yọ ìtànná. Funfun ni, òkùnkùn ló máa ń là sí, òórùn dídùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àgbàlá.

Àwọn tó ń tako èrò yìí máa ń dárúkọ Sen no Rikyū, ọ̀gá oníṣẹ́ tíì ní Japáànù, tó gé ọparun fi ṣe ohun ìfòdòdósí ní 1590. Wọ́n á tún dárúkọ Constance Spry, obìnrin ará Ìlú Ọba tó ń fi òdòdó sínú àwo ọbẹ̀ àti agolo ilé ìdáná, tó sì ṣètò òdòdó ìwúyè Ọbabìnrin Elizabeth ní 1953. Iṣẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n wọn kò dé odò wa. Àwọn mìíràn ní ilé míṣọ́nnárì ni a ti rí i. Ìjẹ̀bú kò ṣílẹ̀kùn fún míṣọ́nnárì bó ṣe yẹ àfi lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892, ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn ìyẹn bá ewé lórí omi.

Ohun tó yí padà ni ohun èlò. Ìgò jíìnì onígun mẹ́rin gba ọjà Èjìnrìn wọlé, agolo sì tẹ̀lé e. Ìyá mi fẹ́ràn agolo Bournvita: á fi ọmọ odó lu etí rẹ̀ kó má baà gé èèyàn lọ́wọ́, á sì kó òdòdó pupa sínú rẹ̀ sórí tábìlì pálọ̀. Lẹ́yìn náà ni òdòdó oníke dé, wọ́n sì gbàgbé omi. Ní báyìí, àwọn ọmọ ń rí agolo àti ìgò lórí fóònù, wọ́n sì ti ń padà sí i.

Orù ìyá àgbà wà lọ́dọ̀ mi. Lóṣù tó kọjá, igi pèrègún kan náà ni mo ti gé ẹ̀ka méjì, mo fi ọ̀kan sínú fáàsì onígíláàsì, èkejì sínú orù. Omi máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, atẹ́gùn á gbé e lọ, ti inú á sì tutù. Ní ọjọ́ kẹrin, omi inú gíláàsì ti ń rùn. Èyí tó wà nínú orù ti yọ gbòǹgbò funfun báyìí, ó gùn tó ìka ọwọ́, n ò sì tíì mọ ibi tí màá gbìn ín sí.