Lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti lajú: ohun tó yẹ kí ẹbí mọ̀ nípa ìpalára ọpọlọ tó le

Ìbéèrè tí ẹbí kọ́kọ́ máa ń bi àwa nọ́ọ̀sì ni pé ìgbà wo ni ẹni tó fi orí ṣèṣe yóò lajú. Ọjọ́ tó bá lajú, ìdùnnú a ṣubú layọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì gbà pé ó parí náà nìyẹn. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ti fi yé mi pé ìgbà yẹn gan-an ni apá tó gùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ohun tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé kì í sábà jẹ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó rọ, bí kò ṣe ìwà tó yí padà tí kò sì sí ẹni tó sọ fún ẹbí tẹ́lẹ̀ pé yóò yí padà.

Ní ọdún 1974, àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ méjì ní ìlú Glasgow, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri ayé ṣì ń lò. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń wo aláìsàn: bí ó ṣe ń la ojú, bí ó ṣe ń fọhùn, àti bí ó ṣe ń gbé apá àti ẹsẹ̀. Máàkì tó ga jù lọ jẹ́ 15, èyí tó kéré jù lọ jẹ́ 3, ẹni tó bá sì gba 8 tàbí tó dín sí i ni a ń sọ pé ìpalára rẹ̀ le. Ẹ má ṣe sọ òṣùwọ̀n yìí di àsọtẹ́lẹ̀ o. Fọ́tò ọpọlọ pàápàá kì í sọ gbogbo rẹ̀ tán, nítorí pé bí orí bá mì jìgìjìgì, àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín inú ọpọlọ lè já káàkiri láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ hàn nínú fọ́tò náà.

Jíjí aláìsàn kì í rí bí wọ́n ti ń ṣe é nínú fíìmù. Ojú lè kọ́kọ́ là láìmọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ojú náà a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ènìyàn kiri yàrá. Ó lè fún ọ lọ́wọ́ lónìí tí o bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, kó má sì ṣe é mọ́ lọ́la. Ìgbà kan tún wà tó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ohunkóhun kò dúró sí i níyè: ó lè máa fa ọ̀pá oúnjẹ tó wà ní imú rẹ̀ yọ, kó ní òun ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kó máa béèrè bàbá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Bí ìgbà yìí bá ti ju ọjọ́ 7 lọ, a máa ń múra sílẹ̀ pé ìyókù rẹ̀ yóò pẹ́ lára. Ẹ má bá a jiyàn ní àkókò náà, ẹ má sì máa fi ìbéèrè bíi "Ṣé o mọ̀ mí?" dán an wò. Ẹ sọ orúkọ yín fún un, ẹ sọ ibi tó wà fún un, kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí àlejò má sì pọ̀. Ariwo àti ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí ara rẹ̀ má balẹ̀.

Ní ti ara, kí wọ́n máa yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà kí egbò má baà dá sí i lára, kí wọ́n máa na oríkèé rẹ̀ kó má baà gan, kí ẹnikẹ́ni má sì fi oúnjẹ tàbí omi sí i lẹ́nu kí a tó yẹ bí ó ṣe ń gbé nǹkan mì wò.

Iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn egungun iwájú orí, ni ìkóra-ẹni-níjàánu, ìṣètò àti agbára láti bẹ̀rẹ̀ nǹkan fìdí kalẹ̀ sí jù, ibẹ̀ sì wà lára ibi tó máa ń fara gbá jù. Wo ọkùnrin kan tó mọ bí a ṣe ń wọṣọ dáadáa, síbẹ̀ tó jókòó sí etí ibùsùn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ fún ìdajì wákàtí. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó dà bí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pé, tí sítátà rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́. Gbólóhùn kúkúrú kan, "Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ kejì," ti tó láti mú un tẹ̀síwájú, ó sì sàn ju ìbáwí lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbínú òjijì àti ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ níwájú àlejò ṣe rí. Ìyàwó kan sọ fún mi pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹni tí ẹ dá padà fún mi yìí kọ́ ni ọkọ tí mo fẹ́." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a lẹ́bi pé kò moore.

Àwọn tó ń kọ́ni nípa ọpọlọ kì í yé sọ ìtàn Phineas Gage, òṣìṣẹ́ ojú irin tí ọ̀pá irin gba orí rẹ̀ kọjá ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1848. Ó yè é, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kì í ṣe Gage táwọn mọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dá ìtàn náà dúró, èyí tó máa ń dùn mí, nítorí pé ọkùnrin náà tún wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin akérò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Chile kí ó tó kú ní ọdún 1860. Ó jọ pé iṣẹ́ tó ní àkókò àti ètò kan náà lójoojúmọ́ ràn án lọ́wọ́, ohun tí àwa náà sì ń gbé kalẹ̀ fún aláìsàn lónìí kò jìnnà sí ìyẹn.

Èyí tó máa ń ya ẹbí lẹ́nu jù ni pé aláìsàn lè má mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Yóò máa béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, yóò sì bínú bí wọn kò bá fún un. Kò purọ́, apá ọpọlọ tó yẹ kó fi mọ̀ ọ́n náà ló farapa. Àlàyé kì í ṣiṣẹ́ tó bí kí a jọ ṣe iṣẹ́ kékeré kan, kí òun fúnra rẹ̀ sì rí ibi tó ti kọsẹ̀. Wíwa ọkọ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró títí dókítà yóò fi fọwọ́ sí i.

Àárẹ̀ ọpọlọ yàtọ̀ sí àárẹ̀ ara. Ẹ fi iṣẹ́ tó nílò ìrònú sí òwúrọ̀, kí ó sinmi kó tó rẹ̀ ẹ́, kí tẹlifíṣàn má máa sọ̀rọ̀ nígbà tó ń jẹun tàbí tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ní ti ìgbàgbé, ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí kì í kúrò níbi kan náà, pẹ̀lú aago fóònù, wúlò ju kí a máa sọ fún un pé kó gbìyànjú láti rántí.

Oṣù 6 àkọ́kọ́ ni àyípadà máa ń yá jù, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀síwájú fún ọdún 2 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ ń falẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ohun tí kò padà lẹ́yìn oṣù 6 kò ní padà mọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹni tó bá sì ń gbowó lọ́wọ́ yín lórí ìlérí pé gbogbo rẹ̀ ni yóò padà, ẹ sá fún un. Ọtí léwu fún ọpọlọ tó ti farapa, nítorí ó lè mú kí gìrì tètè gbé e. Bí ẹni tó ti ń gbádùn bá tún ń padà sẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, tó ń tọ̀ sára, tí oorun ń kùn ún ṣáá, tàbí tí orí ń fọ́ ọ tó sì ń bì, omi lè máa kún inú agbárí rẹ̀: ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nílò olùrànlọ́wọ́ tó ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì ti ṣètò rẹ̀ kí agbára tó tán. Bí kò bá rí oorun sùn tàbí tó ń sunkún láìnídìí, kí òun náà lọ rí dókítà fún ara rẹ̀, kì í ṣe nígbà tó bá tẹ̀ lé aláìsàn lọ nìkan.