Òfin Ìsìnkú Ọba ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Òfin ìfọbajẹ àti ìsìnkú ọba ní Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ òfin ọdún 2021 tí ó gbà kí wọ́n sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe, tàbí bí ẹbí rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Kí ó tó dé, ọwọ́ àwọn Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà awo tó ń bá ọba ṣèlú, àti awo ìlú ni òkú ọba máa ń bọ́ sí. Ìjẹ̀bú ni ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, nítorí pé Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, Sikiru Kayode Adetona, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, wà lára àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní gbangba.

Ẹni tó bá pe Òṣùgbó ní ẹ̀sìn nìkan kò tíì mọ Ìjẹ̀bú àtijọ́. Ilé wọn, ìlédì, ni kóòtù ìlú, ibẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ ti ń jókòó. Edan ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ pe ẹlẹ́jọ́: ère idẹ méjì, akọ àti abo, tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀ lórí. Ẹni tí edan bá dé iwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàìdáhùn. Ọba pàápàá kì í dá ṣèlú láìsí Olúwo àti Apènà, àwọn olóyè àgbà Òṣùgbó. Nítorí náà, nígbà tí àwọn aṣòfin gba òkú ọba kúrò lọ́wọ́ wọn, ìjọba òde òní ló ń yọ ọwọ́ ìjọba àtijọ́ kúrò láàfin.

Ogun Ìmàgbọ́n ti oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ló kọ́kọ́ tú ìdè tí Òṣùgbó fi so ìlú. Ìlú tó ti ń lé àwọn oníwàásù padà di ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ń gbèrú kíákíá. Àwọn Mùsùlùmí wọ̀nyẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, láti dúpẹ́ pé ó jẹ́ kí wọ́n máa ṣe ẹ̀sìn wọn ní fàlàlà. Ọdún Ojúde Ọba nìyẹn, tó ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ìdílé Balógun fi ń gẹṣin wá síwájú ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọba ló ń fún aráàlú ní àyè ẹ̀sìn nígbà náà. Ní 2021, ọba ló ń wá àyè tirẹ̀ lọ́dọ̀ aṣòfin.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ ní abala 10 pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira ẹ̀sìn. (Ìjọba kan náà ló sì ń ní ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìrìn-àjò Mẹ́kà, àti òmíràn fún ti Jerúsálẹ́mù.) Kò sí ibi tí òfin ti ní kí àlùfáà, ìmáàmù tàbí Olúwo má bá aṣòfin sọ̀rọ̀. Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó wà ní Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta, ní ọmọ ilé 26, wọ́n sì máa ń ka àbá òfin lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó di òfin. Ẹnikẹ́ni lè kọ ìwé sí wọn láàárín ìgbà náà.

Àwọn tó fara mọ́ òfin náà ní ọba náà jẹ́ ọmọ ìlú, abala 38 kò sì yọ adé sílẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe ní ẹni tó bá gba ìpèbí, ibi tí wọ́n ti ń ṣètùtù fún ọba tuntun, kọjá kí ó tó gorí ìtẹ́ ti fi ara rẹ̀ fún ohun tó fi í jọba, pé kò sí bí èèyàn ṣe lè gba adé lọ́wọ́ awo kí ó wá kọ awo lọ́jọ́ ikú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí pé òye wọn ni pé àárín ọba àti ìlú ni ètò náà wà, kì í ṣe àárín ọba àti Ọlọ́run rẹ̀ nìkan.

Awùjalẹ̀ Adetona, tó gorí ìtẹ́ ní 1960, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025, ní ẹni ọdún 91. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n sin ín ní ìlànà Mùsùlùmí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe kan fi ẹ̀hónú hàn.

Òfin yìí kan náà ló de Rẹ́mọ, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́. Kò fòfin de ètùtù. Ọba tó bá fẹ́ kí Òṣùgbó sin òun ṣì lè sọ ọ́ fún ẹbí rẹ̀.